Bí ẹ ṣe lè ṣa igi tó di òkúta àti òkúta aláwọ̀ mèremère ní aṣálẹ̀ Arizona láì kó sí wàhálà

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí n tó máa rojọ́ lọ. Tó bá di ọ̀rọ̀ òkúta ṣíṣà ní Arizona, ohun tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín kọ́ ni "òkúta wo ló dáa", ohun tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni "ilẹ̀ ta ni mo dúró lé yìí". Òòlù o, bọ́kẹ́ẹ̀tì o, ojú tó mọ nǹkan wò o, ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo wọn ń bọ̀. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Phoenix, Tucson àti apá California lọ́hùn-ún máa ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé èèyàn lè wọ inú aginjù lọ, kó ṣa òkúta olówó iyebíye, kó sì gbé e lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo, kì í sì í ṣe bó ṣe wuni. "Olówó iyebíye" yẹn náà, ẹ rọra pè é o, ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ẹ máa rí, ẹwà ló ní, kò sówó lórí ẹ̀.

Igi tó di òkúta yìí, igi gidi ni nígbà kan, kì í ṣe òkúta tó kàn jọ igi. Bíi mílíọ̀nù 225 ọdún sẹ́yìn, ibi tó ń jẹ́ Arizona lónìí ò jìnnà sí agbedeméjì ayé, odò ńláńlá ló ń ṣàn kọjá níbẹ̀, igi gàgàrà sì wà káàkiri. Omi á ya lu igi, á gbé e ṣubú, á wọ́ ọ lọ, ẹrẹ̀ á wá bò ó mọ́lẹ̀ kíákíá kó tó jẹrà. Eérú tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, omi abẹ́ ilẹ̀ wá ń yọ́ silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, láti inú eérú náà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e wọnú igi, títí tí quartz, òkúta líle kan, fi gba gbogbo ipò tí igi wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ẹ fi máa rí èèpo, kókó àti ojú igi lára ẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àmọ́ tẹ́ẹ bá gbá a pọ̀ á dún gbangan. Irin ló ń sọ ọ́ di pupa, yẹ́lò àti búráùn, manganese ló ń mú dúdú wọ̀ ọ́, èyí tí ò sí ohun kankan nínú ẹ̀ á funfun. Òmíì wà tí gbogbo ẹ̀ wà lára ègé kan ṣoṣo.

Ó sì wúwo! Ẹ má fojú igi wò ó. Ègé tó tóbi tó búrẹ́dì Agége kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Tẹ́ẹ bá ti ń rí nǹkan kó sínú àpò lórí òkè, ẹ rántí pé ẹ̀yìn yín náà ló máa rù ú padà síbi ọkọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Tẹ́ẹ bá tẹ igi tó di òkúta sí Google, ibi tó máa kọ́kọ́ yọ ni Petrified Forest National Park, lẹ́bàá títì I-40, lápá ìlà oòrùn ìlú Holbrook. Ẹ lọ wò ó o, ẹ kó àwọn ọmọ lọ, ìtì igi tó sùn gbalaja sínú oòrùn, tó dá sí wẹ́wẹ́ bíi pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni ò fi ayùn rẹ́ ẹ, quartz ò ṣeé tẹ̀, tí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ bá ti yẹ̀, ṣe ló máa ń kán pàù. Àmọ́ níbẹ̀ yẹn, ojú nìkan lẹ máa fi jẹ ẹ́. Ààrẹ Theodore Roosevelt fi ibẹ̀ sábẹ́ ààbò ìjọba ní 1906, ó di national park ní 1962, ẹ ò sì gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀, èérún tó kéré ju èékánná lọ pàápàá, òfin dè é. Àwọn kan máa ń jí i gbé náà ṣá. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ránṣẹ́ padà nínú páálí pẹ̀lú lẹ́tà, pé àtìgbà táwọn ti mú òkúta yìí délé ni nǹkan ò ti gún mọ́, ìyàwó lọ, iṣẹ́ bọ́, ọkọ̀ kọ lu nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò sì lè dá a padà sáàyè ẹ̀ torí wọn ò mọ ojú ibi tí wọ́n ti mú un, wọ́n kàn ń kó o jọ sí òkìtì kan ni. Ẹ ò rí i pé òyìnbó náà mọ̀ pé ohun ilẹ̀ ń jà.

Tẹ́ẹ bá ti ra igi yìí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ẹ tó wọ páàkì yẹn, ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu géètì kẹ́ẹ tó wọlé, kẹ́ẹ sì fi rìsíìtì sítòsí. Ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ àlàyé tó gùn nígbà tẹ́ẹ bá ń jáde.

Ilẹ̀ Navajo náà wà ládùúgbò yẹn. Ilẹ̀ ìbílẹ̀ ni, àwọn ló ni ín, wọ́n ní òfin tiwọn, ẹ má ṣa nǹkan kan níbẹ̀. Saguaro National Park, Joshua Tree, Mojave National Preserve, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Arizona fi pamọ́, tí wọ́n ń pè ní State Trust Land, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú, ìwé tí wọ́n fi ń gbààyè rìn níbẹ̀ kì í ṣe ìwé òkúta ṣíṣà. Ilẹ̀ olóko, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan lágbègbè Holbrook máa ń gbowó, wọ́n á jẹ́ kẹ́ẹ wọlé wá walẹ̀, ẹ sì máa gbé ohun tẹ́ẹ bá rí lọ. Tó bá jẹ́ igi aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tó ń dán ni ọkàn yín ń fà sí, ọ̀nà yẹn ló dáa jù, tàbí kẹ́ẹ rà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Holbrook, ilẹ̀ aládàáni ni wọ́n ti ń wa tiwọn.

Ibi tí ọ̀fẹ́ wà ni ilẹ̀ BLM, Bureau of Land Management (kì í ṣe Black Lives Matter tó ń ṣe ìwọ́de o). Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì lọ súà ní Arizona, California, Nevada àti Utah. Òfin wọn lórí igi tó di òkúta ò le láti mọ̀: páùn 25 lóòjọ́ fún ẹnì kan pẹ̀lú ègé kan sí i, ìyẹn bíi kílò mọ́kànlá lé díẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju páùn 250 lọ láàárín January sí December. Ti ara yín ni, ẹ ò gbọdọ̀ tà á, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣe pààrọ̀. Ẹ má sì dọ́gbọ́n pé èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta a pa ìpín wa pọ̀ ká lè fi gbé odindi ìtì tó ju páùn 250 lọ, wọ́n ti ronú kan ìyẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin. Irinṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ẹ lò, kò sí katapílà, kò sí ẹ̀tù. Àwọn òkúta aláwọ̀ mèremère yòókù, agate, jasper, chalcedony àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ṣa ìwọ̀nba fún ara yín.

Ohun tẹ́ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lórí ilẹ̀ BLM náà nìyí: egungun ẹranko ayé àtijọ́ tó ti di òkúta, àpáàdì ìkòkò, àti òkúta tí àwọn ará ìgbà àtijọ́ gbẹ́ ṣe ẹnu ọfà. Tẹ́ẹ bá rí i, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀, ẹni tó sì ń gbé ìlú oníìlú pẹ̀lú ìwé ò gbọdọ̀ fi irú ìyẹn ṣeré.

Ohun kan tún wà tó máa ń ta ẹni tuntun lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti BLM, kó jẹ́ pé ẹnì kan ti gba ẹ̀tọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀, claim ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ẹ bá rí òpó igi, páìpù PVC funfun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tàbí òkúta tí wọ́n to léra wọn, ẹ dúró kẹ́ẹ wo àyíká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ààlà ẹnì kan. Ẹlòmíì kì í bá èèyàn ṣàwàdà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìbọn sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ lè wo claim lórí sáìtì BLM, ẹ lè pe ọ́fíìsì wọn tó bá sún mọ́ yín, wọ́n máa ń dáhùn dáadáa, wọ́n á tiẹ̀ sọ ibi tó dáa fún yín. Áàpù onX náà máa ń fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn lórí máàpù, ẹ dáwúnlóòdù máàpù náà sínú fóònù kẹ́ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já yín sílẹ̀ níbi tẹ́ẹ ti nílò ẹ̀ jù.

Níbo gan-an lẹ máa wá lọ? Ẹni tó bá ń gbé Phoenix, Saddle Mountain ni mo máa ní kó kọ́kọ́ lọ, ẹ gba I-10 lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Tonopah. Ilẹ̀ BLM ni, òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde ló wà níbẹ̀, chalcedony funfun tó ṣùjọ bí òdòdó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, fire agate náà wà níbẹ̀. Igi ò pọ̀ níbẹ̀ ṣá o, òkúta lẹ bá lọ. Fire agate yẹn, búráùn játijàti ni ojú ẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á fẹsẹ̀ gbá a dànù, àmọ́ tí wọ́n bá fara balẹ̀ bó ojú ẹ̀, iná pupa, àwọ̀ ewé àti wúrà á máa kọ mànà nínú ẹ̀. Ẹ má fọ́ ọ wò, ibi tí iná yẹn wà ò nípọn rárá, òòlù ẹyọ kan ló máa bà á jẹ́. Tí ẹ̀yin bá wà lápá Safford, Black Hills àti Round Mountain ni BLM yà sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀. Ọ̀nà Round Mountain ò dáa, ẹ má gbé kámúrì yín lọ.

Quartzsite wà níwájú lórí I-10 kan náà, bíi wákàtí méjì sí Phoenix, ẹnu ààlà California. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju bíi 2,400 lọ, àmọ́ tó bá di January àti February, ọkọ̀ téèyàn ń gbénú ẹ̀ bí ilé (RV) á bo aṣálẹ̀ náà, àwọn olókùúta á pàtẹ láti ibi gbogbo láyé. Mo fẹ́ràn kẹ́ni tuntun kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kó tó wọ igbó, torí ẹ máa rí òkúta lóríṣiríṣi, ẹ máa gbé e lọ́wọ́, ẹ máa bi bàbá àgbà tó ń tà á níbo ló ti wá, inú wọn máa ń dùn láti sọ̀rọ̀, ẹ sì máa mọ iye tí wọ́n ń tà á kẹ́nikẹ́ni má baà fi òkúta lásán gbowó lọ́wọ́ yín. Tẹ́ẹ bá débẹ̀, ẹ yà síbi itẹ́ òkú ìlú náà, ẹ máa rí ibojì Hadji Ali, tí wọ́n ń pè ní Hi Jolly, ẹni tó bá ràkúnmí tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà rà wá síbí ní 1856. Ó kú ní 1902, wọ́n sì fi òkúta àdúgbò mọ pírámíìdì lé e lórí ní 1935, àwòrán ràkúnmí wà ní ṣóńṣó ẹ̀. Àdúrà kan fún Alhaji tó jìnnà sílé.

Ẹni tó bá lè sọdá sí California, Hauser Geode Beds wà lẹ́yìn Blythe, àwọn òkúta roboto tí inú wọn ṣófo tí kírísítálì sì kún un. Ibẹ̀, wíwà ni o, kì í ṣe ṣíṣà, erùpẹ̀ tó dà bí eérú lẹ máa bá fà á, ọ̀nà ẹ̀ sì gba ọkọ̀ tó ga. Last Chance Canyon ní El Paso Mountains, lápá Ridgecrest, ní igi tó di òkúta, àmọ́ Red Rock Canyon State Park wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, níbi tí wọn ò ti gbà kẹ́ẹ mú nǹkan, ẹ wo máàpù dáadáa kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, bí wọ́n ṣe ń rí i. Ojú ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá lọ sísàlẹ̀, ẹ kọjú sí oòrùn kẹ́ẹ máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, agate àti chalcedony máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá, wọ́n á tàn láàárín òkúta tó kú. Lọ́sàn-án gangan gbogbo ẹ̀ á dọ́gba lójú yín. Lẹ́yìn òjò náà dáa, omi ti fọ ojú gbogbo nǹkan. Ní ọjọ́ gbígbẹ, ẹ mú ìgò omi tó ń fín dání, ẹ fín in sí òkúta tẹ́ẹ bá fura sí, àwọ̀ tó máa yọ yẹn ni àwọ̀ tó máa ní tí wọ́n bá dán an. Ẹ máa yí òkúta dúdú náà wò, torí nínú aṣálẹ̀ irin àti manganese máa ń kùn ẹ̀yìn òkúta dúdú tó ń dán, inú ẹ̀ lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá.

Ẹ má sáré káàkiri. Ẹ mú ibì kan, bí ààfo omi tó gbẹ, kẹ́ẹ máa rìn lọ rìn bọ̀ jẹ́jẹ́. Tẹ́ẹ bá rí èérún agate kan, ẹ wo òkè tó ti yí wá, ẹ tẹ̀lé èérún náà gòkè, bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i tí wọ́n sì ń tóbi sí i, ẹ ti ń sún mọ́ orísun. Èmi ò fẹ́ràn káwọn èèyàn máa fi òòlù lu gbogbo òkúta tí wọ́n bá rí, èyí tó dáa jù níbẹ̀ ti tú jáde fúnra ẹ̀, ẹni tó ń lu òkúta kiri ń ba ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́ ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe òkúta lásán? Ẹ fi ọ̀bẹ fà á. Agate, jasper àti igi tó di òkúta, quartz ni gbogbo wọn, 7 ni líle wọn lórí ìwọ̀n Mohs, ọ̀bẹ ò lè họ wọ́n, àwọn ló máa họ gíláàsì. Tí ọ̀bẹ bá họ ọ́, calcite tàbí nǹkan rírọ̀ míì ni. Ẹ kán ọtí kíkan tí wọ́n fi ń ṣe sàláàdì sí i, tó bá hó, calcite ni. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú ẹ̀ kọjá ni agate tàbí chalcedony, èyí tí ò bá gba ìmọ́lẹ̀ tó sì pupa tàbí yẹ́lò, jasper nìyẹn. Òkúta pupa táwọn ará Ìlọrin ń fi ọwọ́ gún, tí wọ́n ń dán di ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà láyé àtijọ́, jasper náà ni, ẹ ò wá nǹkan àjèjì wá rárá. Tó bá jẹ́ igi, ẹ wá ìlà tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ lójú kan, tó bá wà ní gbogbo ọ̀nà láìsí ètò, òkúta mìíràn ni. Ẹ ṣọ́ra fún ohun aláwọ̀ búlúù àti ewé tó ń dán gan-an tó ní ihò wínniwínni, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tẹ́lẹ̀ lẹ ti máa ń rí i, pàǹtí iná ni, gíláàsì lásán.

Ohun tẹ́ẹ máa mú dání ò pọ̀. Òòlù olókùúta (kì í ṣe ti kápẹ́ńtà, irin tiẹ̀ lè fò já sí yín lójú), gọ́gùlù, ìbọ̀wọ́ aláwọ, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí àpò tó le, ìwé ìròyìn àtijọ́ tẹ́ẹ máa fi wé èyí tó dáa, àti ìyàrun. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàrun. Ẹ̀gún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cholla, ẹ kàn fara kàn án báyìí á já mọ́ yín lára, tẹ́ẹ bá fọwọ́ yọ ọ́ á tún lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyàrun lẹ máa kì bọ abẹ́ ẹ̀ kẹ́ẹ fi ta á nù.

Omi: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ìyẹn bíi lítà mẹ́rin, kẹ́ẹ sì fi àfikún sínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé Áfíríkà la ti wá, oòrùn ò lè ṣe wá ní nǹkan. Oòrùn Arizona yàtọ̀ o. Ó gbẹ, òógùn yín á ti gbẹ kẹ́ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn, ẹ ò ní mọ̀ pé omi ti tán lára yín títí tí orí á fi máa fọ́. Láàárín May sí September ooru máa ń ju 40 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ jókòó sílé. November sí March ni àsìkò ẹ̀.

Èyí ni ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ẹ fetí sí. Àrùn kan wà ní Arizona àti gúúsù California tí wọ́n ń pè ní Valley Fever, fọ́ńgọ́ọ̀sì inú erùpẹ̀ ló ń fà á, tẹ́ẹ bá ń walẹ̀ tí eruku ń sọ, imú lẹ máa fi fà á wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé àwọn ní in, ẹlòmíì á máa wúkọ́, ara ẹ̀ á máa gbóná, á máa rẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn dókítà sì ti rí i pé ó máa ń le jù lára àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn aboyún àti ẹni tí ara ẹ̀ ò jí pépé. Torí náà ẹ lo ìbòmú N95 tẹ́ẹ bá ń walẹ̀, ẹ má walẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń jà, tí ikọ́ bá sì mú yín lẹ́yìn ìrìnàjò tí ò lọ, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ walẹ̀ nínú aṣálẹ̀, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Valley Fever fún yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fún yín ní oògùn ikọ́ kẹ́ẹ máa lọ.

Ejò àti àkeekèé, ẹ mọ̀ wọ́n láti ilé. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣí òkúta ńlá, ẹ fi ẹnu òòlù kọ́ etí ẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún, kẹ́ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín, kí òkúta fúnra ẹ̀ wà láàárín yín àti ohun tó sá sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má kì ọwọ́ bọ ibi tójú yín ò rí. Kòtò ìwakùsà àtijọ́ pọ̀ lórí òkè yẹn, ẹ má wọ ọ̀kankan, igi tó gbé e dúró ti jẹrà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sì lè pani. Ẹ má gbé ọkọ̀ sínú ààfo omi tó gbẹ lójọ́ tí òjò bá ṣú níbikíbi, òjò lè rọ̀ lórí òkè tó jìnnà kí omi sì bá yín níbi tí oòrùn ti ń ràn. Gúúsù Quartzsite, ilẹ̀ ológun Yuma Proving Ground ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ bá ti rí pátákó wọn ẹ yí padà, bọ́ǹbù tí ò tíì bú wà nínú ilẹ̀. Kẹ́ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé, ibi tẹ́ẹ ń lọ gan-an àti wákàtí tẹ́ẹ máa dé, kì í ṣe "mo ń bọ̀".

Tẹ́ẹ bá délé, ẹ rẹ òkúta sínú omi ọṣẹ títí dọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ìpẹtà pupa tí ò bá ṣí, oxalic acid á ṣí i, àmọ́ májèlé ni, ìta ni kẹ́ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ẹ má sè é, ẹ má lo ìkòkò ìdáná. Fún ẹni tó fẹ́ kí ó dán, ẹ ra tumbler kékeré, ẹ̀rọ tó ń yí òkúta pẹ̀lú omi àti iyanrìn líle. Ẹ dì í dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, òkúta tí líle wọn dọ́gba nìkan ni kẹ́ẹ pa pọ̀, tẹ́ẹ bá fi rírọ̀ kan sí i, á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Grit (iyanrìn líle yẹn) 60/90 ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 120/220 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà 500, kí polish tó ń mú un dán tó gbẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kánjú, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ẹ má gé kúrò, bí ojú òkúta ò bá tíì jọ̀lọ̀ níbẹ̀, ẹ tún un ṣe, torí ihò tó kù lára ẹ̀ máa wà níbẹ̀ títí lọ. Láàárín ìpele kan sí èkejì ẹ fọ gbogbo ẹ̀, ike náà pẹ̀lú, torí ẹyọ iyanrìn 60 kan ṣoṣo tó bá bá wọn dé ibi polish á ha gbogbo wọn. Ẹrẹ̀ tó bá kù, ẹ dà á síta, ẹ má dà á sínú síǹkì, á dì sínú páìpù, ohun tí onípáìpù máa gbà lọ́wọ́ yín á ju owó ẹ̀rọ náà lọ. Gígé òkúta, ẹ má dá a ṣe nínú gáréèjì láìsí omi, eruku ẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wá kìlọ́ọ̀bù olókùúta tó sún mọ́ yín, wọ́n ní ẹ̀rọ ayùn, owó ọdọọdún wọn ò pọ̀, wọ́n sì máa ń kó ara wọn lọ síbi tí ẹnì kan ò lè dá lọ.

Ẹ kọ orúkọ ibi tẹ́ẹ ti ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ ẹ̀ sórí bébà, ẹ dì í mọ́ ọn, òkúta tí ò ní ibi tó ti wá kì í níyì lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Tẹ́ẹ bá ń fò, òòlù ò gbọdọ̀ bá yín wọ inú bàálù, ẹrù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ni kẹ́ẹ fi sí. Òkúta náà, ẹ wọ̀n ọ́n nílé, kílò á ti tán kí ẹ tó fi aṣọ kan ṣoṣo sí i.